Ẹ Yí Agolo Mílíìkì Padà Kí Ẹ Tó Sanwó: Ìmọ̀ràn Lórí Wàrà àti Èèwọ̀ Ara

 Ọ̀rọ̀ tí ìwé yìí gbé wá kì í ṣe ti kòkó tàbí ti àgbàdo. Ọ̀rọ̀ agolo mílíìkì tí ó wà nínú ilé yín ni, àti ti páálí tí ẹ ń rà fún ògì àwọn ọmọ, àti ti yọ́gọ́ọ̀tì àti wàrà tí àwọn ẹgbẹ́ kan nínú yín ti ń ṣe fún títà.

Kò sí ìdílé Yorùbá tí kò mọ ohun tí a ń pè ní èèwọ̀. Ilé kan kì í jẹ eku, ilé mìíràn kì í jẹ ìgbín. Ara ènìyàn pẹ̀lú ní èèwọ̀ tirẹ̀. Oúnjẹ tí ó ń mú ẹnìkan sanra, ara ẹlòmíràn lè kọ̀ ọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe àṣejù tàbí ìwà ìbàjẹ́ ni ó fà á. Èèwọ̀ ilé kò ṣòro láti yẹra fún, nítorí a mọ eku, a sì mọ ìgbín nígbà tí a bá rí wọn. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ara a máa fara pamọ́ sínú agolo, lábẹ́ orúkọ tí a kò gbọ́ rí. Nítorí náà ni a ṣe ní láti kọ́ bí a ṣe ń dá a mọ̀.

ÀṢÌṢE TÍ MO ṢE

Ní abúlé kan ní agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyá ọlọ́mọ kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí. Ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún méjì nígbà tí ètè rẹ̀ wú, tí gbogbo ara rẹ̀ sì sú lẹ́yìn tí ó mu mílíìkì. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn sọ fún ìyá náà pé ara ọmọ yìí kọ wàrà màlúù, kí ó má ṣe fún un mọ́. Obìnrin náà gbọ́ràn. Nígbà tí ó ṣe, ó rí páálí kan ní ọjà, tí ìyẹ̀fun funfun wà nínú rẹ̀, irú èyí tí a ń bù sínú tíì. Ó mú un wá fún mi ní ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé mo lè bù ú sínú ògì ọmọ mi?"

Mo wo iwájú páálí náà. Mo rí i tí a kọ ọ́ gàdàgbà pé "non-dairy", èyí tí ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe wàrà. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ máa fún un, ìyá wa. Kò sí wàrà nínú rẹ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti gbé ọmọ náà dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, èémí rẹ̀ ń súfèé, ojú rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè là á. Ọlọ́run ṣàánú, dókítà fún un ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì rọ̀. Nígbà tí mo gbọ́, mo lọ kí wọn, mo sì ní kí wọ́n gbé páálí náà wá. Mo yí i padà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́, mo ka "sodium caseinate". Inú wàrà màlúù ni a ti ń yọ casein jáde. Wọ́n ti kọ́ mi nípa rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n n kò yí páálí náà padà kí n tó la ẹnu sọ̀rọ̀.

Mo bẹ ìyá ọmọ náà, ó sì dárí jì mí. Láti ọjọ́ náà, n kì í dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni lórí oúnjẹ inú agolo bí n kò bá tí ì ka ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú agolo wà fún ìpolówó ọjà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òfin ti fi dandan lé e pé kí olówò kọ ohun tí ó fi ṣe é.

ÌYỌNU MÉJÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ DÀ PỌ̀

Ohun méjì ni ó wà nínú wàrà tí ara lè kọ̀. Èkíní ni ṣúgà rẹ̀, tí a ń pè ní lactose. Èkejì ni èròjà amúaradàgbà rẹ̀, èyí tí casein jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣọ́ra fún èkíní yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ti ṣúgà wàrà ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Nígbà tí ènìyàn wà ní ọmọ ọwọ́, oje kan wà nínú ìfun rẹ̀ tí ń fọ́ ṣúgà yìí kí ara lè lò ó. Lẹ́yìn tí a bá ti já a lẹ́nu ọmú, oje náà a máa dín kù nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn bí wọ́n ti ń dàgbà. Ṣúgà náà yóò wá kọjá sí ìfun ńlá láìfọ́, yóò máa hó níbẹ̀ bí ẹmu. Inú á máa kùn, á wú, afẹ́fẹ́ á pọ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì lè tẹ̀lé e. Ní ọdún 1971, Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó di Mínísítà ètò ìlera orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1985, pẹ̀lú Norman Kretchmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò lè fọ́ ṣúgà wàrà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè fọ́ ọ. Kì í ṣe àrùn. Bí a ti dá ọ̀pọ̀ nínú wa ni.

Ìwọ̀n ni ọ̀ràn ẹni tí ó ní irú èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gba bíi gíráàmù 12 ṣúgà wàrà lẹ́ẹ̀kan náà láìsí wàhálà púpọ̀, pàápàá tí wọ́n bá jẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ìwọ̀n yìí ni ó wà nínú wàrà tútù bíi mìlílítà 250. Ṣùgbọ́n mílíìkì lúbúlúbú kì í ṣe ẹgbẹ́ wàrà tútù: nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ṣúgà wàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 40, èyí tí a sì ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò ní tó gíráàmù 50. Ẹni tí ó bu ún bí ẹni bu gàrí, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí inú rẹ̀ bá ń kùn. Yọ́gọ́ọ̀tì sàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú un kan ti jẹ díẹ̀ nínú ṣúgà náà. Wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi omi ewé bọmubọmu ṣe sàn pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi rẹ̀ ṣàn lọ.

Ti èròjà amúaradàgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, ẹ̀ṣọ́ ara ni ó ka wàrà sí ọ̀tá, tí ó sì gbé ogun dìde sí i. Ara á sú, á máa yún ni, ètè àti ojú á wú, ènìyàn á máa bì, èémí lè ṣòro, ó sì lè pa ènìyàn. Díẹ̀ péré lè tó láti dá a sílẹ̀. Ọmọdé ni ó ń bá jà jù; ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó sọ ìgbà tí a lè tún dán wàrà wò. Yọ́gọ́ọ̀tì àti wàrà dídì kò yẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wàrà ewúrẹ́ pẹ̀lú kò yẹ, nítorí èròjà rẹ̀ jọ ti màlúù. Mílíìkì tí a kọ "lactose free" sí lára kò yẹ bákan náà: ṣúgà nìkan ni wọ́n ti fọ́ nínú rẹ̀, casein rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí.

BÍ A ṢE Ń KA Ẹ̀YÌN AGOLO

Àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ni ó ń ṣọ́ oúnjẹ tí a ń dì tà ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, àti ọjọ́ tí oúnjẹ náà yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó yé yín pé nọ́ńbà NAFDAC kò sọ pé oúnjẹ náà bá ara ọmọ yín mu. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò ka ìyókù, báyìí:

1. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "Ingredients". Ohun tí ó tẹ̀lé e ni gbogbo èròjà tí a fi ṣe oúnjẹ náà. Ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní Codex, tí àjọ FAO àti WHO gbé kalẹ̀, ní kí a kọ èyí tí ó wúwo jù ṣáájú, kí èyí tí ó kéré jù gbẹ̀yìn.

2. Ẹ kà á dé òpin. Ohun tí ó kéré jù, tí ó wà ní ìparí, lè jẹ́ èyí tí ó ń dààmú ọmọ yín.

3. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "Contains", tí ó túmọ̀ sí pé ó ní nǹkan báyìí nínú, àti "May contain", tí ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ ti ta sí i láti ara oúnjẹ mìíràn tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ nǹkan náà gidigidi, kí ó yẹra fún méjèèjì.

4. Ẹ wo ibi tí a kọ "Carbohydrate" sí. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì lásán ni, tí a kò fi ṣúgà mìíràn sí, ṣúgà wàrà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iye tí ẹ rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "no added sugar" kò sọ pé kò sí ṣúgà wàrà nínú rẹ̀.

5. Ẹ kà á ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà á. Olówò lè yí èròjà padà kí ó má sì yí àwòrán iwájú agolo padà.

Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Kí ó ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yìí sí páálí pélébé kan, kí ó mú un dání lọ sí ọjà, kí ó sì fi wé ti ara agolo ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ọmọ ilé ìwé bá a fi wé e. Abèèrè kì í ṣìnà.

ORÚKỌ TÍ WÀRÀ Ń JẸ́ LẸ́YÌN AGOLO

Bí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, wàrà ni: milk, milk solids, skimmed milk powder, buttermilk, butter oil, cream, curd, whey, casein, caseinate, lactalbumin. Lactose pẹ̀lú, inú wàrà ni ó ti wá. Èyí tí a bá kọ "filled milk" sí lára jẹ́ wàrà tí a yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí a sì fi ọ̀rá igi, gẹ́gẹ́ bí epo ọ̀pẹ, dípò rẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ nìkan ni ó yí padà. Ṣúgà wàrà àti casein rẹ̀ kò kúrò.

Àwọn orúkọ kan wà tí ó jọ ti wàrà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe é. Cocoa butter jẹ́ ọ̀rá kòkó tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbìn. Coconut milk jẹ́ omi tí a fún láti inú àgbọn. Lactic acid jẹ́ ohun kíkan irú èyí tí ń mú ògì wa kan, kì í sì í ṣe inú wàrà ni a ti sábà máa ń rí i. Kí a má ṣe tìtorí orúkọ ju oúnjẹ tí ó dára nù.

Ẹ má sì rò pé inú agolo mílíìkì nìkan ni wàrà ń wà. Ó wà nínú bísíkíìtì, nínú búrẹ́dì mìíràn, nínú bọ́tà onírúurú, àti nínú ohun mímu oníkòkó tí a ń pò fún ọmọ ní òwúrọ̀.

OHUN MÌÍRÀN TÍ A Ń FI SÍ WÀRÀ

Ẹni tí wàrà kò dí lọ́wọ́ lè rí èèwọ̀ tirẹ̀ nínú agolo kan náà. Ní ọdún 1999, ìlànà Codex ka àwọn oúnjẹ tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ lẹ́yìn agolo láé: àlìkámà àti àwọn ẹbí rẹ̀, edé àti akàn, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà, ẹ̀wà sóyà, wàrà, àti àwọn èso bíi kajú. Mílíìkì lúbúlúbú tí ń tètè yò nínú omi sábà máa ń ní "soya lecithin", tí ó ti inú ẹ̀wà sóyà wá. Ohun mímu oníkòkó sábà máa ń ní "malt" tí a fi ọkà báálì ṣe, kò sì dára fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ àlìkámà àti ọkà báálì. Áísìkiriìmù lè ní ẹ̀pà tàbí ẹyin. Yọ́gọ́ọ̀tì aláwọ̀ lè ní "tartrazine", tí àmì rẹ̀ jẹ́ E102, èyí tí ń mú ara àwọn ènìyàn díẹ̀ sú.

MÍLÍÌKÌ TÍ A BÙ SÍNÚ Ọ̀RÁ

Ní ọjà wa, ọ̀pọ̀ òǹtàjà a máa tú àpò ńlá mílíìkì, wọn a sì bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké. Ó rọrùn fún àpò wa, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà kò ní ẹ̀yìn tí a lè kà. A kò mọ̀ bóyá mílíìkì lásán ni, tàbí èyí tí a fi ọ̀rá igi sí, tàbí èyí tí a fi ìyẹ̀fun mìíràn lú. Ẹ ní kí òǹtàjà fi àpò tí ó ti bù ú hàn yín. Bí kò bá lè fi hàn, tí ẹ sì ní ọmọ tí ara rẹ̀ kọ nǹkan ní ilé, ẹ má rà á.

BÍ ARA BÁ TI KỌ Ọ́

Bí ètè, ojú tàbí ahọ́n ẹnìkan bá wú lẹ́yìn oúnjẹ, tí èémí rẹ̀ ń súfèé, tí ó ń bì léraléra, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sáré fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní epo pupa tàbí mílíìkì, pé yóò pa oró inú rẹ̀. Ẹ má ṣe é! Bí wàrà bá ni ó dá a sílẹ̀, ẹ ń fi epo sí iná ni. Ẹ mú agolo oúnjẹ náà lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó lè kà á.

Ìyá tí ń fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú kò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ yìí dá ọmú dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a sì ká wàrà kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀: ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́, àti wàrà sóyà bí sóyà bá bá a lára mu.

FÚN Ẹ̀YIN ẸGBẸ́ TÍ Ń ṢE WÀRÀ TÀ

Ẹ̀yin tí ń ka ẹ̀yìn agolo ẹlòmíràn ní láti kọ ẹ̀yìn tiyín pẹ̀lú òtítọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí yóò mu yọ́gọ́ọ̀tì yín, ẹ lè má rí i láé. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ike náà nìkan ni yóò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ gbogbo èròjà, títí kan àwọ̀ àti ohun olóòórùn dídùn. Bí ẹ bá fi mílíìkì lúbúlúbú ṣe yọ́gọ́ọ̀tì, ẹ ka ẹ̀yìn àpò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ó wà níbẹ̀ sí tiyín. Ẹ tọ́jú ìwé ara àpò kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì ẹgbẹ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ irú mílíìkì tí ẹ ń rà, ẹ yẹ ìwé ara ike yín wò kí ẹ tó tà. Òfin ní kí a kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí yín lọ́wọ́ láti fi Yorùbá kún un: "Wàrà màlúù wà nínú rẹ̀", "Sóyà wà nínú rẹ̀".

Ohun méjì wà tí mo ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi, tí mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní ni ẹ̀rọ ìlọta. Bí ẹni tí ó ṣáájú yín bá lọ ẹ̀pà, tí ẹ sì da sóyà yín lé e láìfọ̀ ọ́, ẹ ti bu ẹ̀pà sí wàrà sóyà yín. Èkejì ni òróró. Ẹgbẹ́ tí ń din wàrà màlúù àti wàrà sóyà nínú agbada kan náà ń ta wàrà màlúù fún ẹni tí ó sá fún un. Ẹ ya agbada méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ ya igbá àti síbí wọn sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣe ti sóyà ní òwúrọ̀ kí ọwọ́ tó kan ti màlúù. Bí agbára yín kò bá ká ìyàsọ́tọ̀ yìí, ẹ sọ fún oníbàárà kí ó tó sanwó. Oníbàárà tí ẹ sọ òótọ́ fún lónìí yóò padà wá lọ́la, yóò sì mú ẹlòmíràn wá.

Ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Ìyá rẹ̀ ni ó máa ń gba agolo lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, tí ó máa ń yí i padà, tí ó sì máa ń kà á sókè fún wọn. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi casein pamọ́ fún un. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú agolo tàbí páálí kan wá láti ilé, kí ẹ jọ yí wọn padà, kí ẹ sì jọ kà wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú yín lójú, ẹ mú un tọ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí yín lọ.